Ọ̀rọ̀ Tí Mo Tẹ̀ Sínú Fóònù

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ọjọ́ Sátidé. Àwa mẹ́ta ni a wà nínú yàrá mi ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey, ní ilẹ̀ Niger: èmi tí mo nà gbalaja lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ òsì mi nínú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù; Múfútáù ará Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ, tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn; àti Hàjíà Fàtí, onílé mi, tó gbé àga tirẹ̀ wá láti ìta nítorí kò fọkàn tán àga mi.

Fóònù mi wà lórí àyà mi. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí mo ti ń mí.

"Bàbá Sáídátù," Múfútáù ní, "ẹ gbé e sọ́wọ́. Tó bá dún báyìí, àyà yín á já, á sì jábọ́."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wá sùn bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn."

Inú fóònù yẹn ni mo kọ àdúrà tí mo fẹ́ ṣe fún ọmọ mi sí. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, tí mo ń pa á rẹ́, tí mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti gún régé. Ohun tó kù kò ju kí wọ́n pè lọ.

Mo ti pẹ́ kúrò nílé. Èmi àti ìyàwó mi la jọ wá sí Niamey. A fi Sáídátù, ọmọ kan ṣoṣo tí a ní, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi nítorí ilé ìwé. A ní ọdún díẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tó bá kúrò nílé ló máa ń ní ọdún díẹ̀ ni.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí kì í ṣe oòrùn. Mo ti gbọ́ nípa oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ni. Nílé, igi wà, òkè wà, òrùlé pọ̀, nǹkan kan máa ń dá ojú dúró. Níbí, tí ènìyàn bá gbé ojú sókè, ojú á máa lọ, kò ní rí ibi tó máa sinmi lé. Ràkúnmí á ru ẹní koríko kọjá láàrin ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní wò ó. Tí eruku bá dé nígbà ọyẹ́, afárá orí odò á sọnù láti àárín, bí ẹni pé àwọn tó ń kọ́ ọ ló gbàgbé ìyókù. Mo dúró létí odò lọ́jọ́ kan, mo ń wo àwọn ènìyàn tí wọ́n ń rìn wọ inú eruku náà lọ, pẹ̀lú ẹrù lórí wọn, títí tí wọ́n fi pòórá. Mo wá ń rò ó pé bóyá báyìí ni àwa náà ṣe rí lójú àwọn tí a fi sílẹ̀.

Òwú, síìpù, bọ́tìnnì, aṣọ inú: ohun tí àwọn aránṣọ ń lò ni mo ń tà ní ọjà Katako. Ibẹ̀ kì í dákẹ́. Lápá kan wọ́n ń la pákó, lápá kejì wọ́n ń lu irin àtijọ́ di ìkòkò. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn. Níbi tí ariwo bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ ìdí tí o kò fi sọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí a dé tó fi ń fi èdè Zarma ná ẹja létí odò, tó ń fi Hausa bá àwọn aránṣọ ṣàwàdà. Èmi á máa na ọjà sí i lọ́wọ́. Ọkọ Ìyá Sáídátù ni wọ́n ń pè mí. Kò dùn mí. Tí a bá fẹ́ pe ilé, òun ló máa di fóònù mú, èmi á jókòó tì í, á máa sọ ọ́ fún mi bó ti ń gbọ́ ọ.

"Ó ní òjò rọ̀. Ó ní òun ṣe ipò kejì. Ó ní kí ẹ má gbàgbé bàtà òun."

Èmi á mi orí, màá rẹ́rìn-ín. Òun á sọ fún fóònù pé, "Bàbá ẹ rẹ́rìn-ín o."

Ibà ló mú un lọ. Ibi tí a sin ín sí, ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé ní kí n kó ẹrù mi wálé, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn. Mi ò lè ní mo ti ní ilẹ̀ ní Niamey. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, fóònù di ẹrù. Sáídátù á pè ní ìrọ̀lẹ́.

"Bàbá mi, ẹ kúurọ̀lẹ́ o."

"Hẹn. Kúurọ̀lẹ́."

"Ṣé ara le?"

"Ara le."

"Ọjà ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

A ó wá máa gbọ́ èémí ara wa. Mo mọ̀ pé ó ń dúró. Ọ̀rọ̀ wà nínú mi, ó pọ̀ bí omi inú kànga, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá mi fà á ti lọ.

"Bàbá, ṣé ẹ ò tíì lọ?"

"Mi ò tíì lọ."

"Ó dáa. Ó dàárọ̀ o."

Ó fẹ́ kí n ní "dúró ná". Mi ò ní sọ ọ́. Lẹ́yìn náà màá jókòó, màá máa rántí gbogbo ohun tí mo lè sọ: pé igi tó wà lẹ́yìn ilé ti rúwé, pé ajá Hàjíà Fàtí bí ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, pé mo lá àlá ìyá rẹ̀.

Múfútáù ló mú fóònù náà bọ̀ láti Kano. Ó dúdú, ó fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì òkè jẹ́ ojú, ìdajì ìsàlẹ̀ kún fún bọ́tìnnì wínníwínní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí tirẹ̀. Láàrin méjèèjì, ohun kan bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà níbẹ̀. Tí o bá fi àtàǹpàkò yí i, ibi tí o bá fẹ́ lójú fóònù ni yóò gbé ọ dé.

"Fóònù àwọn ọ̀gá nìyí," Múfútáù ní. "Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì ló ń lò ó."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ó máa fi kọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀, bóyá ìka yín ń sọ̀rọ̀."

Àwàdà ló ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi àtàǹpàkò kan àwọn bọ́tìnnì náà. Wọ́n yọrí sókè díẹ̀, wọ́n tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ìka má baà yọ̀ kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò yára.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì àwọn àgbà nílé, láàrin alápatà méjì àti ìyá arúgbó kan tó ń sùn. Mo mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n kálámù kò fẹ́ràn ọwọ́ mi. Lẹ́tà mi a máa dojú bolẹ̀ bí ẹni tó mutí. Ojú ń tì mí láti kọ lẹ́tà sí ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé gíga. Lórí fóònù yìí, lẹ́tà tèmi àti lẹ́tà àwọn ọ̀gá ẹ́ḿbásì, bákan náà ni wọ́n rí. Gbogbo wọn dúró ṣinṣin.

Ìka mi sì ti mọ bọ́tìnnì tẹ́lẹ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣà wọ́n nínú agolo, láìwò ó, fún aṣọ ọmọdé, fún aṣọ àgbà. Kò pẹ́ tí àtàǹpàkò mi méjèèjì fi mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbé. Mo lè pa ojú dé kí n kọ̀wé. Ó máa ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni ń pa ẹ̀pà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sí Sáídátù ni pé: "Eruku pọ̀ lónìí. Mo rí ràkúnmí kan tó ń wo ara rẹ̀ nínú díńgí ọkọ̀."

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ta nìyí?"

"Bàbá rẹ."

"Bàbá mi wo?"

"Mélòó lo ní?"

Ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹ̀rín náà kún ojú fóònù, mo ń yí ìlẹ̀kẹ̀ funfun, kò tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti di ọ̀rẹ́. Mo kọ ti ajá sí i. Mo kọ ti àlá sí i. Ó bi mí ní ohun tí kò bi mí rí, irú bí mo ṣe pàdé ìyá rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un díẹ̀díẹ̀, tí oníbàárà bá dé màá dúró, tó bá lọ màá tẹ̀ síwájú. Ó ní òun kà á fún àwọn ọ̀rẹ́ òun. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí.

Ní igun òkè fóònù náà, iná pupa kékeré kan wà. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé, á máa ṣẹ́jú. Tí iná ìjọba bá lọ ní ìrọ̀lẹ́, tí yàrá ṣókùnkùn, mi ò ní tètè ṣí i. Màá dùbúlẹ̀, màá máa wò ó bó ti ń tàn tó ń kú, bí iná ọkọ̀ ojú omi lọ́nà jíjìn. Ẹnì kan ń fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mi ò mọ ohun tó dùn tó àkókò yẹn.

Kí ẹ má rò pé kò ní wàhálà o. Eruku Niamey kò mọ fóònù ọ̀gá. Ó wọ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà, ìlẹ̀kẹ̀ ń lọ sókè, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lókè ni mo lè kà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ di ti ọ̀la. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Katako fi ẹ̀mú yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó gbé e sójú oòrùn, ó fi Hausa bi mí bóyá mo fi ń jẹun ni.

Nígbà míràn, ojú fóònù á dúró gbagidi. Àwòrán aago kékeré kan á yọ, á máa yí, á máa yí, bọ́tìnnì kankan kò ní gbọ́ tìrẹ mọ́. Oògùn kan ló ní: kí o ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o yọ bátìrì, kí o tún dá a padà. Lẹ́yìn náà o lè lọ ṣe àlùwàlá, kí o kírun, kí o tó padà wá bá a níbi tó ti ń jí. Ìńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n ń san án. Tí oṣù bá parí lójijì, iná pupa á sùn. Ó sùn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí Sáídátù ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jámíù fún mi. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn tó wọlé ni: "Bàbá mi, ó ga, ó sì níwà, ṣùgbọ́n".

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi ń ro ohun tó tẹ̀lé ṣùgbọ́n. Mo ro ọtí. Mo ro ìyàwó ilé. Mi ò jẹun dáadáa. Nígbà tí fóònù jí, ohun tó tẹ̀lé e ni: "ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta."

Ìrọ̀lẹ́ kan, Hàjíà Fàtí bá mi níwájú ilé, mo ń tẹ fóònù, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Zarma ni, ṣùgbọ́n Hausa ni ó máa ń bá mi sọ.

"Ta lo ń bá rẹ́rìn-ín?"

"Ọmọ mi."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà nílé."

Ó wo ilẹ̀kùn mi. Ó wo àgbàlá. Ó ní, "Ilé wo?"

Nínú fóònù, òjò ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ewúrẹ́ ìyá mi sì ti jẹ ọṣẹ. Níta, oòrùn ń wọ̀, iyanrìn pupa bí ẹ̀jẹ̀, ẹnì kan ń pe ìrun. Ojú mi wà nínú òjò, ẹsẹ̀ mi wà nínú iyanrìn. Mo ti rò ó títí. Ó dà bí ẹni pé ilé ni ibi tí ènìyàn ti ń gbọ́ ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ikú, ìgbéyàwó, ìyẹn á dé etí ẹni níbikíbi. Ewúrẹ́ tó jẹ ọṣẹ, ẹni tó bá wà nílé nìkan ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, mo rí i pé mo mọ ti ajá Hàjíà náà. Mo mọ èyí tó kú nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo fi Zarma ná ẹja, obìnrin ẹlẹ́ja náà kò rẹ́rìn-ín, iye tó ń tà á fún gbogbo ènìyàn ló dá mi lóhùn. Mo gbé ẹja náà rìn wálé láìwọ takisí.

Jámíù rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ ọmọ. Wọ́n dá ọjọ́. Mo ti ra aṣọ, mo ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ, alùpùpù tó ń gbé mi bọ̀ láti àdúgbò Talladjé yọ̀ lórí iyanrìn, egungun ẹsẹ̀ mi sì ṣẹ́. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ jíjìn. Sáídátù ní ká sún ọjọ́ náà síwájú. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i pé rárá.

Nínú ẹ̀sìn wa, bàbá ló ń fi ọmọbìnrin fún ọkọ. Tí kò bá lè wà níbẹ̀, ó lè yan ẹni tó máa dúró fún un. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́: mo yan Lásísì, àbúrò mi. Sáídátù fi í han Ààfáà tó máa so yìgì. Ohun tí Ààfáà sọ ni ó kọ sí mi:

"Ó ní òun rí lẹ́tà, òun ò rí bàbá. Ó ní ta ló mọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ẹ fẹnu yín sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì ṣàdúrà fún mi. Ó ní tí òun ò bá gbọ́ ohùn yín, òun ò ní so ó."

Kò pẹ́ tí òmíràn wọlé: "Bàbá mi, ṣé ẹ máa lè sọ̀rọ̀?"

Mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Ó rọrùn láti tẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ àdúrà náà. Mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ símẹ́ńtì, mo gbé fóònù sókè sí ojú mi, àtàǹpàkò mi ń pa ẹ̀pà. Mo fi omi sí i, mo fi iyọ̀ sí i, mo fi oyin sí i, mo bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí gígùn, fún ọmọ, fún sùúrù. Mo kà á sókè fún ara mi. Ó dùn. Mo ní màá kà á fún wọn bí ẹni tó ń ka ìwé ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Aago mẹ́wàá lù. Fóònù dún. Àyà mi já, fóònù sì jábọ́ lóòótọ́. Múfútáù he é nílẹ̀, ó nà án sí mi. Ojú rẹ̀ ń sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" Lásísì ni. "Ṣé ẹ ń gbọ́? Gbogbo ènìyàn ti jókòó. Mo ti gbé yín sẹ́nu ẹ̀rọ, ohùn yín máa gba gbogbo àgbàlá. Ààfáà rèé o."

"Àsàláámù àlékùm, bàbá ìyàwó."

"Wà àlékùm sàláámù."

"A kí yín kú ìrójú ẹsẹ̀. Ó yá, à ń gbọ́ yín."

Mo ní kí n ka ohun tí mo kọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ṣe. Inú fóònù ni àdúrà wà. Fóònù sì wà létí mi. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́, tí mo ń tò ó, kò wá sọ́kàn mi lẹ́ẹ̀kan pé etí àti ojú kò lè jọ lo fóònù kan náà. Mo mú un kúrò létí, mo wò ó. Orúkọ Lásísì nìkan ni mo rí. Mo gbé e padà sétí.

"Kí ló dé?" Múfútáù sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Àdúrà. Inú ẹ̀ ló wà."

Ó wò mí. Ó yé e. Ó ki ìkúùkù bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. "Yéè, Bàbá Sáídátù! Ẹ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú àpótí! Ẹ gbé e sí gbangba, ẹ jẹ́ kí ohùn wọn máa jáde síta, kí ẹ wá a."

Mo gbé e síwájú. Mo rí ibi tí a ń tẹ̀ kí ohùn jáde síta, ohùn àgbàlá Ògbómọ̀ṣọ́ sì kún yàrá mi, ọmọdé tó ń sunkún, ẹni tó ń wúkọ́. Mo yí ìlẹ̀kẹ̀ funfun láti lọ síbi tí ìwé wà. Ó lọ díẹ̀. Aago kékeré yọ. Ó ń yí. Ó ń yí.

"Bàbá ìyàwó?" Ààfáà ní. "Ṣé ẹ wà pẹ̀lú wa?"

Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò gbọ́. Múfútáù na ọwọ́ sí ẹ̀yìn fóònù, mo gbá a lọ́wọ́. Tí a bá yọ bátìrì, wọ́n á ní mo sá.

Àgbàlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo gbọ́ ohùn àgbà ọkùnrin kan láti apá ọ̀dọ̀ ọkọ. "Ṣé bàbá yìí gbà bí, àbí kò gbà? Ẹni tó bá fẹ́ fún ni lọ́mọ kì í dákẹ́."

"Ẹ ní sùúrù, bàbá," Lásísì ń sọ. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́. A ń gbọ́ bó ṣe ń mí."

Hàjíà Fàtí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ibùsùn. Mo wo fóònù náà. Bọ́tìnnì mi dúró níbẹ̀, gbogbo lẹ́tà tí mo mọ̀, kò sí èyí tó lè ràn mí lọ́wọ́.

Nígbà náà ni mo gbọ́ Sáídátù. Kò sí nítòsí ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ jìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn láàyè. Bàbá mi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀."

Ó sọ ọ́ láìtijú, bí ẹni tó ń sọ gígùn mi tàbí àwọ̀ mi.

Mo la ẹnu. "Èmi ni bàbá Sáídátù," mo ní. "Mo fún Jámíù ní ọmọ mi. Tọkàntọkàn ni. Lásísì, àbúrò mi, ló dúró fún mi níbẹ̀. Ẹnu mi nìyí."

"Al-hamdu lillah," Ààfáà ní. Àgbàlá dáhùn. "Àdúrà yín ló kù, bàbá."

Omi, iyọ̀, oyin, kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lẹ́nu. Ohun tó wá ni oríkì rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni kò pè é létí mi.

"Àbẹ̀kẹ́."

Mo tún pè é.

"Àbẹ̀kẹ́, ìyá rẹ ló yẹ kó ṣe èyí. Òun ló lẹ́nu. Ohun tí mo bá gbàgbé, kí Ọlọ́run kà á sí ohun tí mo ti sọ."

"Àmín!"

"Ilé tí o ń lọ, kí o má ṣe àlejò níbẹ̀. Kí wọ́n máa sọ ohun kékeré fún ọ. Kí wọ́n má dúró di ọjọ́ ọ̀rọ̀ ńlá kí wọ́n tó pè ọ́."

"Àmín!"

"Tí ọkọ rẹ bá dákẹ́, bi í. Kó má ní òun ọkùnrin ni. Tí ìwọ bá dákẹ́, kó bi ọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara yín títí tí ẹnì kan kò fi ní sí láti gbọ́ ọ. Kí ilé yín máa pariwo. Kí àwọn aládùúgbò máa bínú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín papọ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín obìnrin, mo gbọ́ ti àgbà ọkùnrin tó ń kùn lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì sí ìgbà kan tí mo mú ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sókè lórí ibùsùn, mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó.

"Kí ọmọ," mo ní.

Fóònù kú. Aago tó ń yí náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Bátìrì ti tán.

Hàjíà Fàtí fi etí gèlè nu ojú. Ó fi Hausa bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún wọn ní ìgbé ayé àlàáfíà, bí wọ́n ti ń ṣe é fún ìyàwó níbí. Mo ní, "Àmín." Mo bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí mo sọ.

"Mi ò gbọ́ ọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti ń gbé ilé mi, o kò tíì sọ tó ìyẹn."

Múfútáù ti so ṣájà mọ́ ọn. A jókòó, a ń wo ìlà funfun tó ń rá lójú fóònù bí ìgbín. Ó jí, Lásísì sì wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n! Ó ti parí o! Ààfáà ní ohun tí òun gbọ́ ti tó. Wọ́n ti so ó! Àwọn ará ọkọ ní kí wọ́n bá àwọn kí yín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó nípọn."

Mo bèèrè Sáídátù. Ó ní ó wà láàrin àwọn ènìyàn, wọn kò jẹ́ kó rí ọ̀nà. Mo ní kó má dà á láàmú. Hàjíà lọ gbé ìrẹsì tó ti sè láti òwúrọ̀ wá, àwa mẹ́ta jẹun nínú àwo kan, Múfútáù ń sín mi jẹ títí ó fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́nu. "Kí àwọn aládùúgbò máa bínú! Bàbá Sáídátù, níbo lẹ ti rí ìyẹn? Kò sí nínú àdúrà tí mo mọ̀ o."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun lórí ìjókòó. Oòrùn kò tíì mú. Mo gbé fóònù, mo wá nọ́ńbà Sáídátù. Mi ò tẹ lẹ́tà kankan. Mo pè é.

"Bàbá mi! Ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé ẹsẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ pè?"

"Ṣé o jí dáadáa?"

"Mo jí dáadáa." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó hanrun, Bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó gbọ́ ọ.

"Bàbá mi, ibi tí fóònù já sí lánàá, 'kí ọmọ' lẹ sọ. Kí ọmọ kí ni?"

"Jámíù ti jí?"

"Ó ti jí. Ó wà níta."

"Pè é wá," mo ní. "Ní kó jókòó tì ọ́. Kí ìwọ náà jókòó. Ó máa pẹ́ díẹ̀."

Mo gbọ́ tó pè é. Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ ẹsẹ̀, mo gbọ́ àga tí wọ́n fà. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo gbé fóònù mọ́ etí dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti dúró.